Fáírọ́ọ̀sì kan náà, ara ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí jíìnì àti àrùn

Fáírọ́ọ̀sì kan wọ ilé. Bàbá dá wó, ìyá wúkọ́ fún ọjọ́ méjì, ọmọ ń ta bọ́ọ̀lù kiri. Àwọn ìbéèrè tí èèyàn máa ń béèrè jù lórí irú ọ̀rọ̀ yìí ni mo kó jọ síbí. Orúkọ jíìnì kún fún lẹ́tà àti nọ́ńbà. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Bíi nọ́ńbà ọkọ̀ ló rí, a kàn fi ń mọ èwo ni èwo ni.

Kí tiẹ̀ ni jíìnì, kí ló sì kàn án nínú ọ̀rọ̀ àrùn?

Inú sẹ́ẹ̀lì ara wa ni ìwé ìlànà kan wà tí à ń pè ní DNA. Lẹ́tà inú rẹ̀ tó bílíọ̀nù mẹ́ta. A jogún ìdì 23 lọ́dọ̀ bàbá, a jogún 23 lọ́dọ̀ ìyá; ìdì kọ̀ọ̀kan là ń pè ní krómósómù. Jíìnì ni abala ìwé yìí tó ń sọ bí ara ṣe máa rọ èròjà kan pàtó, irú rẹ̀ sì tó nǹkan bí 20,000. Ìwé tèmi àti tiyín fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu tán. Nínú ẹgbẹ̀rún lẹ́tà, nǹkan bí ẹyọ kan ló yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún, nínú ìwé tó gùn tó yẹn, mílíọ̀nù mẹ́ta ibi ni.

Fáírọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ kò lè dá nǹkan kan ṣe. Kò lè bímọ àfi tó bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn, tó sì fi irinṣẹ́ onílé ṣiṣẹ́. Idà ahun la fi ń pa ahun. Nítorí náà, gbogbo ibi tó bá yà ló ti ń pàdé ohun tí jíìnì wa rọ: ilẹ̀kùn tó gbà wọlé, irinṣẹ́ tó mú lò, agogo ìdágìrì tó dún, sẹ́ẹ̀lì ọmọ-ogun ara tó wá lé e. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yàtọ̀ lára yín, ìjà náà á yàtọ̀.

Ṣé kì í ṣe pé ìdílé kan náà ń gbé inú ilé kan náà ni wọ́n fi ń kó àìsàn kan náà?

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n nìyí. Èsì tó tẹ́ mi lọ́rùn jù wá láti Dẹ́ńmáàkì, wọ́n gbé e jáde ní 1988. Wọ́n tọpa àwọn tí wọ́n bí láàárín 1924 sí 1926, tí wọ́n sì gbé fún alágbàtọ́ láti kékeré. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní òbí ọ̀nà méjì: àwọn tó bí i, tí wọn ò jọ gbé, àti àwọn tó tọ́ ọ, tí wọn ò bá a tan. Bí àrùn tó ń ràn bá ti pa òbí tó bí i kí òbí náà tó pé ẹni 50 ọdún, ewu pé irú àrùn bẹ́ẹ̀ á pa ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́fà ti ẹlòmíràn. Bó bá jẹ́ alágbàtọ́ ni àrùn pa bẹ́ẹ̀, kò hàn lára ọmọ.

Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì nìkan ni wọ́n kà, gbogbo àrùn tó ń ràn ni. Ìyẹn ò sì ní kí àwọn nǹkan mìíràn má ṣe pàtàkì. Ẹ wo kòkòrò hepatitis B, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́: bí ọmọ ìkókó bá kó o lára ìyá nígbà ìbí, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá irú wọn ni kòkòrò náà máa ń di bárakú sí lára. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà ló kó o, kò tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tó máa ń di bárakú sí lára. Ọjọ́ orí ló ṣe ìyẹn. Iye kòkòrò téèyàn fà símú lẹ́ẹ̀kan, oúnjẹ tó ń jẹ, àìsàn tó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, gbogbo wọn ló ń bá jíìnì jókòó sídìí ọ̀rọ̀ náà.

Ṣé òótọ́ ni pé àwọn kan wà tí HIV kò lè ràn?

Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ọn wò, torí kò sí àpẹẹrẹ tó mọ́lẹ̀ tó o.

Lójú sẹ́ẹ̀lì tí HIV ń wá, ó gbọ́dọ̀ di nǹkan méjì mú. Èkíní ń jẹ́ CD4, ìyẹn ni ọwọ́ ilẹ̀kùn. Èkejì, lọ́pọ̀ ìgbà, ń jẹ́ CCR5, ìyẹn ni ihò kọ́kọ́rọ́. Á kọ́kọ́ di CD4 mú, á yí ara rẹ̀ padà díẹ̀, á wá CCR5 kàn. Ìgbà tó bá rí i ni awọ rẹ̀ àti awọ sẹ́ẹ̀lì máa lẹ̀ pọ̀, táá sì da ẹrù inú rẹ̀ sínú ilé onílé.

Ní 1996, àwọn onímọ̀ rí i pé lẹ́tà 32 já dànù nínú jíìnì CCR5 àwọn kan. Lẹ́tà 32 péré. Ṣùgbọ́n mẹ́ta-mẹ́ta ni sẹ́ẹ̀lì ń ka lẹ́tà jíìnì, 32 kò sì ṣeé fi mẹ́ta pín kó má ṣẹ́ kù. Láti ibi tó ti já lọ, gbogbo kíkà náà di wúruwùru, èròjà tó yẹ kó yọ sójú sẹ́ẹ̀lì kò sì yọ mọ́. HIV dé, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, kò rí ihò kọ́kọ́rọ́.

Ẹni tó bá jogún ẹ̀dà tó já yìí lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá, HIV tó wọ́pọ̀ kì í lè ràn án. Ẹni tó ní ẹyọ kan ṣoṣo lè kó o, àmọ́ ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó le sí i lára. Láàárín àwọn tó ṣẹ̀ wá láti àríwá Yúróòpù, nǹkan bí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ẹyọ kan, nǹkan bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ló ní méjèèjì. Láàárín àwọn ọmọ Áfíríkà àti ìlà oòrùn Éṣíà, agbára káká la fi ń rí i.

Kí ẹni tó ní méjèèjì má sì sọ pé irin ni òun o. Àwọn ẹ̀yà HIV kan wà tí wọ́n ń gba ihò mìíràn tó ń jẹ́ CXCR4 wọlé.

Timothy Ray Brown ni ayé fi mọ ìtàn yìí. Ará Amẹ́ríkà ni, ìlú Bálìnì ní Jámánì ló ń gbé. HIV wà lára rẹ̀, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tún wá bá a. Dókítà rẹ̀, Gero Hütter, mọ̀ pé wọ́n máa fi mùdùnmúdùn eegun ẹlòmíràn rọ́pò tirẹ̀ ni, ló bá ro ó pé: kí ló dé tí a ò ní wá ẹni tí CCR5 tirẹ̀ já ní méjèèjì? Wọ́n rí i. Wọ́n ṣe é ní 2007, wọ́n tún un ṣe ní 2008. Brown ò lo oògùn HIV mọ́, kòkòrò náà ò sì padà wá. Jẹjẹrẹ yẹn ló padà pa á ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020. Àwọn mélòó kan ti rí ìwòsàn lọ́nà yìí lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó lè pani ni pípààrọ̀ mùdùnmúdùn, ẹnikẹ́ni kì í ṣe é nítorí HIV nìkan. Èyí tó kan ọ̀pọ̀ èèyàn ni maraviroc, oògùn oníhóró tó ń dí ihò CCR5. Ọdún 2007 kan náà ni wọ́n fọwọ́ sí i.

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọn ò yọ CCR5 kúrò lára gbogbo ọmọ tuntun?

Ẹnì kan dán an wò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, He Jiankui, onímọ̀ kan ní Ṣáínà, kéde pé òun ti tún jíìnì CCR5 ṣe lára ọlẹ̀, wọ́n sì ti fi bí ìbejì obìnrin. Gbogbo ayé pariwo lé e lórí. Ní ìparí 2019, ilé ẹjọ́ rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta.

Ẹ tiẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ òfin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. CCR5 kì í ṣe ẹrù asán lára. Òun ni àwọn ọmọ-ogun kan fi ń mọ ọ̀nà ibi tí ìjà wà. Ní 2006, wọ́n rí i ní Amẹ́ríkà pé àwọn tí CCR5 wọn já ní méjèèjì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ láàárín àwọn tí fáírọ́ọ̀sì West Nile, tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, ṣe ní jàǹbá. Ilẹ̀kùn téèyàn dí mọ́ olè kan ni ará ilé fẹ́ gbà lọ lé olè kejì. Ẹ fi eléyìí sọ́kàn, a óò tún bá a pàdé.

Gbogbo wa jẹun nínú ìkòkò kan náà, gbogbo wa ń bì, ẹnì kan ṣoṣo ni nǹkan kan ò ṣe. Ṣé ó lóògùn ni?

Kò lóògùn. Ó ṣeé ṣe kí jíìnì FUT2 rẹ̀ má ṣiṣẹ́.

Norovirus, kòkòrò tó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru lójijì, nílò ohun tó máa rọ̀ mọ́ nínú ìfun. Ohun náà ni ṣúgà kéékèèké tí jíìnì FUT2 ń lẹ̀ mọ́ ojú ìfun, èyí tó tún ń wà nínú itọ́. Lọ́pọ̀ ibi láyé, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni FUT2 rẹ̀ ti kú láti ìbí. Ìfun wọn kò ní ṣúgà yẹn. Ní 2003, ìwádìí kan jáde lórí àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, tí wọ́n mu omi tí wọ́n mọ̀ pé norovirus wà nínú rẹ̀ (èmi ò ní yọ̀ǹda ara mi fún irú ẹ̀). Kòkòrò náà ò ràn ẹnì kankan nínú àwọn tí FUT2 wọn ti kú.

Àwọn ẹ̀yà norovirus kan ṣì wà tí kò bìkítà fún ṣúgà yìí. Ẹni tó bọ́ lónìí lè máà bọ́ lọ́jọ́ mìíràn, torí náà kó fọ ọwọ́ rẹ̀.

Bí kòkòrò bá ti wọlé ńkọ́? Kí ló ń mú kó le lára ẹnì kan ju ẹlòmíràn lọ?

Sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì bá wọ̀ máa ń figbe ta. Igbe náà ni èròjà kan tó ń jẹ́ interferon. Láàárín wákàtí mélòó kan, kí àwọn ọmọ-ogun tó mọ̀ pé irú àlejò báyìí ló dé, interferon á ti dé ọ̀dọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì aládùúgbò: ẹ tilẹ̀kùn, olè wà lóde. Àwọn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ ìwé àṣẹ fáírọ́ọ̀sì wẹ́wẹ́, wọ́n á dá iṣẹ́ dúró kó má bàa rí irinṣẹ́ lò. Lójú tèmi, ibí ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn jù, torí pé nígbà tí àìsàn kékeré bá ṣe ẹnì kan bí ẹni máa pa á, ó sábà máa ń jẹ́ pé agogo ìdágìrì yìí ni kò dún tàbí tó pẹ́ kó tó dún.

Ọmọdébìnrin kan wà ní ilẹ̀ Faransé, ọmọ ọdún méjì àbọ̀, tó kó fulú. Ọjọ́ mélòó kan làwọn ọmọ mìíràn fi ń bọ́ nínú rẹ̀. Tirẹ̀ dé ìdí ẹ̀rọ amúnimí. Nígbà tí wọ́n ka DNA rẹ̀, wọ́n rí i pé jíìnì IRF7, tó yẹ kó pàṣẹ pé kí interferon tú jáde, ti bàjẹ́ ní ọ̀nà méjì: ẹ̀dà tó gbà lọ́dọ̀ bàbá ní àbùkù tirẹ̀, èyí tó gbà lọ́dọ̀ ìyá ní òmíràn. Nǹkan kan ò ṣe bàbá, nǹkan kan ò ṣe ìyá, torí ẹ̀dà kan tó dára tó kálukú wọn lò. Ọmọ ni méjèèjì pàdé lára rẹ̀. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2015. Ó yè é.

Ti herpes tún yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oríṣi kìíní rẹ̀, tó ń fa egbò ètè, wà lára nǹkan bí méjì nínú mẹ́ta àwọn tí kò tíì pé ẹni 50 láyé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì mọ̀. Àmọ́ lára ọmọ díẹ̀, ó máa ń gòkè lọ sínú ọpọlọ. Láti 2006 àti 2007 la ti mọ̀ pé àwọn kan nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àbùkù nínú jíìnì UNC93B1 tàbí TLR3. Ara wọn ń dènà àrùn mìíràn bó ṣe yẹ. Agogo tó ń ṣọ́ ọpọlọ ni kò dún. Níbòmíràn lára, agogo mìíràn lè dún dípò rẹ̀, nínú ọpọlọ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí arọ́pò.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ọkùnrin ni Kòrónà dà láàmú jù?

Ìdí rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n jíìnì kan wà nínú rẹ̀. TLR7, ọ̀kan lára àwọn jíìnì tó ń jẹ́ kí agogo interferon dún, ń jókòó lórí krómósómù X. Obìnrin ní X méjì, ọkùnrin ní ẹyọ kan. Bí ti obìnrin kan bá bàjẹ́, èkejì á gbé e. Bí ti ọkùnrin bá bàjẹ́, ó parí. Ní 2020, wọ́n ròyìn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ọkùnrin méjì-méjì láti ìdílé méjì ní Netherlands. Ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn, ara wọn le koko tẹ́lẹ̀. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé ìdí ẹ̀rọ amúnimí, ọ̀kan kú. TLR7 wọn ò ṣiṣẹ́.

Nǹkan kan tún wà tó jọ èyí. Lọ́dún kan náà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ èèyàn 987 tí Kòrónà ṣe gidigidi wò. Nínú ẹ̀jẹ̀ 101 nínú wọn, ara wọn fúnra rẹ̀ ti rọ ohun ìjà tó ń pa interferon. Ọmọ-ogun yìnbọn lu ẹni tó ń lu agogo. Márùndínlọ́gọ́rùn-ún nínú 101 yìí ló jẹ́ ọkùnrin. Kì í ṣe ohun téèyàn jogún tààrà bí àwọ̀ ojú, ó sì máa ń pọ̀ sí i bí èèyàn bá ti ń kọjá 70 ọdún.

Mo gbọ́ pé àwọn kan ní HIV lára fún ọ̀pọ̀ ọdún láìlo oògùn, tí wọn ò sì ṣàìsàn. Báwo?

Àwọn yẹn ò pọ̀, wọn ò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ti ọ̀pọ̀ wọn, HLA ni ẹ máa kọ́kọ́ wò.

HLA ni àtẹ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń pàtẹ ègé ohun tó wà nínú rẹ̀ síta kí ọmọ-ogun tó ń kọjá lè yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá rí ègé àjèjì lórí àtẹ, á pa sẹ́ẹ̀lì náà. Àtẹ yìí yàtọ̀ láti ara dé ara ju ohunkóhun mìíràn nínú DNA wa lọ, ègé tí àtẹ kan lè gbà kọ́ ni òmíràn lè gbà. Èyí tó ń jẹ́ HLA-B*57 mọ ègé HIV kan gbé síta dáadáa, ó sì jẹ́ ègé tí HIV kò lè yí padà láìṣe ara rẹ̀ léṣe. HLA-B*27 náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ti HLA-B*35, irú rẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé òdìkejì ló ń ṣe, àrùn máa ń yára lára ẹni tó bá ní i.

Kòrónà náà ní tirẹ̀. Ní 2023, wọ́n rí i pé HLA-B*15:01 wọ́pọ̀ lára àwọn tó kó o tí wọn ò ní àmì àìsàn kankan. Àwọn ọmọ-ogun wọn ti pàdé ìbátan Kòrónà tó máa ń fa ọ̀fìnkìn rí, ègé méjèèjì sì jọra tó bẹ́ẹ̀ tí wọn ò fi jáfara nígbà tí tuntun dé.

Wọ́n ní ogún àwọn Neanderthal wà nínú ọ̀rọ̀ Kòrónà. Ṣé àwàdà ni?

Kì í ṣe àwàdà. Neanderthal ni àwọn èèyàn àtijọ́ tó gbé Yúróòpù àti apá kan Éṣíà kí ìran tiwa tó dé ibẹ̀. Àwọn àti ìran tiwa bára wọn bímọ ní nǹkan bí 60,000 ọdún sẹ́yìn. Ní 2020, àwọn onímọ̀ méjì, Hugo Zeberg àti Svante Pääbo, fi hàn pé abala DNA kan lórí krómósómù kẹta, tó ń mú kí Kòrónà le lára èèyàn, ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá. Nǹkan bí ìdajì àwọn èèyàn gúúsù Éṣíà ló ní i, nǹkan bí mẹ́rìndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún ní Yúróòpù, ní Áfíríkà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Pääbo gba ẹ̀bùn Nobel ní 2022, lórí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ nípa DNA àwọn èèyàn àtijọ́.

Abala kan náà yìí ni Zeberg tún padà rí i pé ó ń dín ewu àtikó HIV kù. Ibẹ̀ kò jìnnà sí ibi tí jíìnì CCR5 jókòó sí. Neanderthal kan náà ló sì fi abala mìíràn sílẹ̀ lórí krómósómù kejìlá, níbi jíìnì OAS1, tó ń mú kí Kòrónà fúyẹ́ díẹ̀. Ogún kì í ṣe gbèsè nìkan.

Ẹ̀jẹ̀ O ni mí. Ṣé mo lè fọkàn balẹ̀?

Rárá o. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ìwádìí rí i pé ewu Kòrónà dín díẹ̀ lára ẹlẹ́jẹ̀ O. Díẹ̀ náà kéré débi pé kò yẹ kó yí ohunkóhun padà nínú bí ẹ ṣe ń ṣọ́ra.

Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi jẹ́ SS. Ṣé fáírọ́ọ̀sì kan wà tó yẹ kí n mọ orúkọ rẹ̀?

Ẹ mọ parvovirus B19. Ara ọmọ mìíràn á kàn gbóná díẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á pọ́n, ó tán. Ibi tí kòkòrò yìí ń lọ ni ilé iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ nínú mùdùnmúdùn eegun. Á ti í pa fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ wá ṣe ìṣírò rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ti ẹlẹ́jẹ̀ AA ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́, bí ilé iṣẹ́ bá ti ọ̀sẹ̀ kan pa, kò ní mọ̀. Ti ẹlẹ́jẹ̀ SS ń lo ọjọ́ mẹ́wàá sí ogún péré. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó pé, ẹ̀jẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ní 1981 ni wọ́n fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kòkòrò yìí ló ń ṣe é. Bí ọmọ SS bá ṣàdédé funfun lójú, tó rẹ̀ ẹ́, tí èémí rẹ̀ ń yára, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n lè ní láti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára.

Àwọn díẹ̀ kan wà láyé, díẹ̀ gidi, tí kòkòrò náà kò lè ràn rárá, torí pé èròjà P tó ń rọ̀ mọ́ kò sí lójú sẹ́ẹ̀lì wọn.

Ṣé jíìnì èèyàn dúdú yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù lórí ọ̀rọ̀ fáírọ́ọ̀sì?

Kò sí jíìnì tó ń jẹ́ jíìnì èèyàn dúdú. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn ọmọ Áfíríkà fúnra wọn ju ti gbogbo ayé yòókù lọ. Ohun tó wà ni pé àwọn ẹ̀dà kan wọ́pọ̀ níbi tí nǹkan kan ti fà á kó wọ́pọ̀.

Ẹ wo APOL1. Ẹ̀dà rẹ̀ méjì, G1 àti G2, wọ́pọ̀ lára àwọn tó ṣẹ̀ wá láti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, torí pé wọ́n ń gbani lọ́wọ́ kòkòrò àrùn oorun tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Ẹyọ kan dára. Ní 2010, wọ́n rí i pé bí èèyàn bá jogún méjì, kíndìnrín rẹ̀ wà nínú ewu, tí HIV bá sì tún bá a láìsí ìtọ́jú, ewu náà á pọ̀ sí i lọ́nà tó bani lẹ́rù. Ohun tó gba baba ńlá là lọ́wọ́ eṣinṣin ló wá ń dúró de ọmọ lẹ́nu ọ̀nà kíndìnrín. Oògùn HIV téèyàn tètè bẹ̀rẹ̀ ń dín ewu yìí kù gan-an.

Àpẹẹrẹ kejì kan àwa gan-an. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ń ṣètò àwòrán ìyàtọ̀ DNA ayé tí wọ́n pè ní HapMap, àwọn Yorùbá tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn wà lára àwọn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nínú DNA wọn ni onímọ̀ jíìnì kan, Pardis Sabeti, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti rí àmì ní 2007 pé ẹ̀dà jíìnì LARGE kan ti ń tàn kálẹ̀ kíákíá láti ìran dé ìran. LARGE ló ń parí iṣẹ́ lórí ilẹ̀kùn tí fáírọ́ọ̀sì ibà Lassa ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì. Àmì lásán nìyẹn, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí pé Lassa ò lè mú wa o.

Ẹ̀dùn ọkàn mi kan rèé: púpọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ti ka DNA wọn fún ìwádìí láyé ló jẹ́ ọmọ Yúróòpù. Ibi tí wọ́n bá ti wá nǹkan náà ni wọ́n ti máa ń rí i.

Ṣé jíìnì lè mú kí àjẹsára ṣe èèyàn ní jàǹbá?

Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn àjẹsára kan, bíi ti èéyi àti ibà pọ́njú, ní kòkòrò alààyè tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára nínú. Ẹni tí jíìnì IFNAR1 tàbí IFNAR2 rẹ̀ ti bàjẹ́ ní ẹ̀dà méjèèjì kì í gbọ́ igbe interferon, kòkòrò aláìlágbára náà á sì rí àyè ṣe é léṣe. Fún gbogbo èèyàn yòókù, èéyi fúnra rẹ̀ léwu ju àjẹsára rẹ̀ lọ lọ́nà tí kò ṣeé fi wéra.

Ìgbà wo ló yẹ kí a ní kí dókítà wo ọ̀rọ̀ jíìnì?

Nígbà tí àìsàn tó ń fò kọjá lára ọmọ mìíràn bá gbé ọmọ yín dé ìdí ẹ̀rọ amúnimí. Nígbà tí herpes bá wọ inú ọpọlọ. Nígbà tí ọmọ ìyá méjì bá kú tàbí bá ṣàìsàn gidi lọ́wọ́ kòkòrò kan náà, pàápàá tí bàbá àti ìyá bá jẹ́ ìbátan. Nígbà tí àjẹsára alààyè bá dá ọmọ dùbúlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "ayé ló ń ṣe é" pa yín lẹ́nu mọ́ níbẹ̀. Àbúrò rẹ̀ tí ẹ ṣì máa bí lè nílò ìdáhùn náà.

Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gba itọ́ tí wọ́n ń ka DNA ńkọ́? Ṣé kí n lọ mọ ewu mi?

Fún ọ̀rọ̀ fáírọ́ọ̀sì, ẹ tọ́jú owó yín. Púpọ̀ nínú ẹ̀dà tó wọ́pọ̀ ń tì èèyàn síwá tàbí sẹ́yìn díẹ̀ ni, kì í ṣe gbá a lulẹ̀. Àwọn tó ń gbá ni lulẹ̀, bíi IRF7, ṣọ̀wọ́n débi pé irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kì í sábà wá wọn. Oògùn sì lè dé kó sọ gbogbo rẹ̀ di ìtàn. Ní 2009, wọ́n rí ẹ̀dà jíìnì kan nítòsí IFNL3 tó ń sọ ẹni tí ara rẹ̀ máa lé hepatitis C dànù àti ẹni tí oògùn ìgbà yẹn máa ṣiṣẹ́ fún. Dókítà ń yẹ̀ ẹ́ wò kiri. Kò ju ọdún mélòó kan lọ, oògùn tuntun dé tó ń wo ju márùndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún sàn láìka jíìnì yẹn sí. Àyẹ̀wò náà di aláìníṣẹ́.

Ṣé àyẹ̀wò jíìnì kankan wà nígbà náà tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ nínú ìtọ́jú àrùn fáírọ́ọ̀sì?

Ó wà, ojúlùmọ̀ wa sì ni. Abacavir jẹ́ oògùn HIV tó dára, àmọ́ ó máa ń bá àwọn kan jà gidi: ara gbígbóná, ara sísú, èébì, àìlèmí dáadáa, tó bá sì di pé wọ́n tún un lò lẹ́yìn tí wọ́n ti dá a dúró, ó lè pa wọ́n. Àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ní HLA-B*57:01. Inú agbo B*57 tó ń bá HIV jà yẹn náà ló wà. Nítorí náà, kí wọ́n tó kọ abacavir fún ẹnikẹ́ni, wọ́n ń kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bó bá jáde pé ó ní i, wọ́n á kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀, wọ́n á sì fún un ní oògùn mìíràn. Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún yín rí, ẹ máa sọ ọ́ ní gbogbo ilé ìwòsàn tuntun tí ẹ bá dé, kí wọ́n tó mú bírò.